Ìgbápálé ilẹ̀kùn mọ́tò ń mì? Ẹ má tíì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́

Bí ẹ bá máa ń wọ kabúkabú láàárín Ìdèrè àti Igbó-Ọrà, ẹ ó ti rí i: wọ́n ní kí ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ di ibi tí a ń gbé apá lé mú, ẹ fà á, òun ló kọ́kọ́ fẹ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà á ní, "Ẹ rọra o, ẹ má fa ibẹ̀!" Ibo wá ni kí èèyàn dì mú?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́. Ilẹ̀kùn tí a kò rí fà dáadáa lè má pa dé, ọ̀nà wa sì ní gálọ́ọ̀pù. Ìyá àgbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ náà, ibẹ̀ ló máa gbára lé. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń tún un ṣe.

Nínú mọ́tò kékeré bíi Corolla tàbí Golf, ike ni ìgbápálé yìí, sikúrù díẹ̀ ló dì í mú. Oòrùn á jẹ́ kí ike náà gan, fífà ojoojúmọ́ á sì tú sikúrù. Nítorí náà, yálà sikúrù ló tú, tàbí ihò tí sikúrù wọ̀ ló fọ́. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó náwó.

Ẹ pa mọ́tò, kí ẹ yọ wáyà nẹ́gátíìfù lórí bátìrì, torí bọ́tìnnì wíńdò sábà máa ń wà lórí ìgbápálé. Ẹ wo abẹ́ rẹ̀ àti inú ihò tí a ń ki ọwọ́ bọ̀. Ìdérí kékeré ló máa ń bo sikúrù mọ́lẹ̀. Ẹ dè é kó le. Bó bá dúró gírígírí, iṣẹ́ parí, kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Bí sikúrù bá ń yí lásán, ihò ti fọ́ nìyẹn. Ẹ má fi sikúrù tó tóbi rọ́pò rẹ̀; ńṣe ló máa la ike náà sí i. Super glue náà kọ́: bó bá ti gbẹ, ó máa ń gan, fífà díẹ̀ ló máa já. Gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì ni mo fi tún tèmi ṣe. Táyé àti Kẹ́hìndé ni mo ń pè é, ẹ ṣáà mọ̀ pé Igbó-Ọrà kò jìnnà: ọ̀kan kò lè ṣiṣẹ́ láìsí èkejì. Ẹ fi sáńpépà ha ibi tó fọ́, ẹ nù ún mọ́, ẹ po gọ́ọ̀mù méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà, ẹ fi sí i, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù nìkan kò tó, torí ike inú mọ́tò sábà máa ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì fi irin pẹlẹbẹ kékeré sẹ́yìn rẹ̀, kó fi bóòtù, wọ́ṣà àti nọ́ọ̀tì dì í. Irin ni kó gba agbára, kí gọ́ọ̀mù kàn dí àlàfo. Bóòtù náà kò gbọdọ̀ gùn débi tí yóò kan gíláàsì tàbí wáyà inú ilẹ̀kùn.

Bí gbogbo ike náà bá ti fọ́ yángá, ẹ wá tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Ládípọ̀. Ẹ mú èyí tó fọ́ dání, kí wọ́n má baà ta ti mọ́dẹ́ẹ̀lì mìíràn fún yín.

Ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà wa, sikúrù lásán ni o. Ẹ dè é lónìí kí èrò tó fà á já lọ́la.