Kóńgò Ọjà'ba àti Ìwé Ìṣirò Ìjọba

Ẹni tó mọ èlùbọ́ rà l'Ọ́jà'ba n'Ìbàdàn kì í kánjú béèrè iye. Kóńgò ló ń wò. Ṣé èyí tó pé ni, àbí èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú? Iye kan náà lè jẹ́ ọ̀pọ̀ nínú kóńgò kan, kó di ọ̀wọ́n nínú èkejì.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń múra ìdánwò ìgbéga, ojú yẹn gan-an ni kí ẹ fi ka ìwé ọrọ̀ ajé. Ní oṣù Kejìlá 2024, àjọ NBS tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ ní ọ̀wọ́n gógó ọjà jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ó di 24.48. Ta ló rí gàrí tó wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Bẹẹrẹ? Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé e wá sí 2024, wọ́n sì tún ìwọ̀n tí wọ́n fún oúnjẹ àti ìnáwó yòókù ṣe. Kì í ṣe èrú, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti ṣe tipẹ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá kọ ọ́ pé ọ̀wọ́n gógó já wálẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá láàárín oṣù kan ti da kóńgò méjì pọ̀. Bí ìdá náà bá sì tiẹ̀ dín kù lóòótọ́, owó ọjà ṣì ń gòkè. Eré rẹ̀ ló rọlẹ̀.

Ó tún kan ìwé ètò ìṣúná. Ìwé náà nípọn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní, ẹ ka àkópọ̀ rẹ̀, kí ẹ wá ojú ewé iléeṣẹ́ yín. Fún ètò ìṣúná 2025, tírílíọ̀nù 49.7 náírà ni Ààrẹ Tinubu gbé síwájú àwọn aṣòfin lọ́jọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, 54.99 ló buwọ́ lù lọ́jọ́ 28 oṣù Kejì 2025. Òótọ́ ni méjèèjì, nítorí náà ẹ kọ ọjọ́ mọ́ iye. Owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kọ́ ni owó tí wọ́n ná o. Inú ìròyìn ìmúṣẹ ìṣúná lẹ ti máa rí ìyẹn.

Ọ̀fẹ́ ni Budget Office ìjọba àpapọ̀ ń gbé àwọn ìwé wọ̀nyí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sanwó ẹ̀dà rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.