Ìkọ́ Ẹ̀yìn Ọkọ̀: Nígbà tí Iṣẹ́ Bá Tán, Kí Ni Ó Ń Ṣe Níbẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fẹ́ kí a lọ wò lónìí.

Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà ńlá tí ó ti Zuba wá, tí ó gba Gwagwalada kọjá lọ sí Abaji àti Lokoja, ẹ ó rí àwọn jíìpù àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí irin yọ jáde lábẹ́ bọ́ńpà ẹ̀yìn wọn. Orí irin náà rí roboto bí ọsàn wẹ́wẹ́. Ọkọ̀ náà kò fa nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ fa nǹkan kan. Síbẹ̀, irin náà wà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, lẹ́ẹ̀rùn àti ní òjò.

Ẹnì kan lè wí pé: "Èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́ ológeere, kí ni ti ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ti kàn mí?" Ọ̀rẹ́ mi, ó kàn ọ́ gan-an ni. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìwọ tí o ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí o ń gun ọ̀kadà, ni ìkọ́ náà kọ ojú sí.

KÍ NI ÌKỌ́ YÌÍ?

Òun ni irin tí a fi ń so kẹ̀kẹ́ àfàlẹ́yìn mọ́ ọkọ̀. Kì í ṣe tírélà ńlá tí ó ń kó sìmẹ́ńtì bọ̀ láti Obajana ni mo ń sọ o. Ohun tí mo ń sọ ni kẹ̀kẹ́ kékeré onítáyà méjì tàbí mẹ́rin tí a lè gbé jẹnẹrétọ̀, táǹkì omi tàbí ọkọ̀ ojú omi kékeré lé lórí, kí ọkọ̀ máa fà á lọ.

Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀. Ti ilẹ̀ Yúróòpù jẹ́ ọrùn irin tí ó tẹ̀ kọrọdọ, tí bọ́ọ̀lù irin wà ní orí rẹ̀. Ìbú bọ́ọ̀lù náà jẹ́ mìlímítà 50. Àwọn kan wà tí a fi bóòtù dè pa, àwọn mìíràn sì wà tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ ṣí kí a sì yọ wọ́n. Ní ti Amẹ́ríkà, ihò onígun mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ ọkọ̀. Lára àwọn jíìpù ńlá, ihò yìí sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 2 ní ìbú àti ní òró. A ó ti apá irin tí ó ru bọ́ọ̀lù bọ inú ihò náà, a ó sì fi ọ̀pá irin kékeré kan gún un kọjá kí ó má baà yọ. Bí a bá fẹ́ yọ ọ́, a ó fa ọ̀pá kékeré yẹn jáde, apá irin yóò sì tẹ̀lé e. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: àwọn tí wọ́n ṣe irú ìkọ́ yìí mọ̀ pé kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ó máa lò ó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe é ní ohun tí ó ṣeé yọ.

BÁWO NI Ó ṢE DÉ ỌWỌ́ WA?

Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni a ń sọ ní Tòkunbọ̀. Orúkọ yìí náà ni a fi ń pe ọkọ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun ti lò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́hùn-ún, ìdílé mìíràn a máa so ilé onítáyà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ wọn bí wọ́n bá ń lọ lo ìsinmi, òmíràn a sì máa fa ọkọ̀ ojú omi lọ sí etí odò. Nígbà tí ọkọ̀ náà bá gbó mọ́ wọn lọ́wọ́, yóò wọ ọkọ̀ òkun, ó di Èkó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó gba Kútọnu àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé kí ìjọba àpapọ̀ tó fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Báyìí ni ọkọ̀ dé pẹ̀lú ìkọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ìkọ́ ń fà kò bá a dé.

Àwa náà wá rí i pé ó dára lójú. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ọkọ̀ wọn kò ní ìkọ́ rárá, tí wọ́n ní kí wẹ́dà jó irin mọ́ ọn, kí ó lè dà bí ọkọ̀ alágbára. Ìkọ́ wá di ọ̀ṣọ́.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI PÉ Ó Ń DÁÀBÒ BO ỌKỌ̀?

Bí ẹ bá bi ọlọ́kọ̀ léèrè, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ ni pé: "Bí ẹnikẹ́ni bá gbá mi lẹ́yìn, irin yìí ni yóò gbà á, bọ́ńpà mi kò ní fọ́." Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ọkọ̀ kan bá rọra kan ọ lẹ́yìn nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó lè jẹ́ rédíétọ̀ tirẹ̀ ni yóò lu, kí tìrẹ má ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ìgbá náà bá le, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì, ẹ jẹ́ kí a jọ ṣírò rẹ̀. Ọkọ̀ tí ó wúwo tó kílógíráàmù 1,500, tí ó ń sáré kìlómítà 18 ní wákàtí kan, ń sáré mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára tí ó wà nínú ìsáré rẹ̀ jẹ́ 18,750 joule. Bí ó bá kọlu ọkọ̀ tí ó dúró gbọn-in, agbára yẹn gbọ́dọ̀ lọ sí ibì kan. Bí bọ́ńpà àti àwọn irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bá rún wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 30 kí ọkọ̀ tó dúró, ipá tí ó ń tì í yóò tó 62,500 newton. Ṣùgbọ́n bí ìkọ́ líle bá dá a dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 5 péré, ipá náà di 375,000 newton. Ìlọ́po 6 nìyẹn!

Èyí ni pé rírún tí bọ́ńpà ń rún kì í ṣe àléébù rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni. Ó ń fi ara rẹ̀ rọ́pò wa. Ìkọ́ kì í rún. Ṣáásì ni wọ́n dè é mọ́, ṣáásì náà ni ó sì ń gbé ìyà náà fún. Bọ́ńpà tí ó bá fọ́, a lè rà á pààrọ̀. Ṣáásì tí ó bá wọ́, iṣẹ́ ńlá ni fún panẹ́bítà, ọkọ̀ mìíràn kì í sì rìn tààrà mọ́ láéláé. Bí ọkọ̀ bá sì gbọ̀n lójijì bẹ́ẹ̀, orí ẹni tí ó jókòó sínú rẹ̀ yóò fì sẹ́yìn lójijì, ọrùn ni yóò sì gbà á.

TA NI Ó Ń ṢE LÉṢE?

Ní ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, gíga bọ́ọ̀lù ìkọ́ láti ilẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 35 sí 42. Ẹ dìde dúró, kí ẹ wọn gíga yẹn lára yín. Ojúgun ni yóò bọ́ sí. Gbogbo wa ni a sì mọ̀ pé ojúgun kò ní ẹran. Awọ ni, egungun ni. Bí iná bá lọ ní àdúgbò, tí ènìyàn ń gba àárín ọkọ̀ méjì kọjá ní òru, kò ní rí irin dúdú tí ó yọ síta. Ọmọdé tí ó ń sáré, itan rẹ̀ tàbí ikùn rẹ̀ ni irin náà dọ́gba pẹ̀lú.

Ẹ tún wo ti ọ̀kadà. Ní ọdún 2006 ni ìjọba lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú Àbújá, ṣùgbọ́n ní Gwagwalada níbí, ọ̀kadà ṣì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa. Ọlọ́kadà a máa sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tímọ́tímọ́ nínú èrò. Bí awakọ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, bọ́ńpà rẹ̀ ni ó ń fi ojú wọ̀n nínú dígí. Kò rántí pé irin kan ti ṣáájú bọ́ńpà náà lọ sẹ́yìn. Kí ó tó gbọ́ igbe, ìkọ́ ti kan ẹsẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni.

TI NỌ́ŃBÀ ỌKỌ̀

Òfin ìrìnnà orílẹ̀-èdè wa pa á láṣẹ pé kí nọ́ńbà ọkọ̀ hàn gbangba. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ọdún kan náà tí wọ́n dá yunifásítì tí ó wà ní ìlú yìí sílẹ̀, lè mú ọlọ́kọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá hàn. Ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìkọ́ tí ó ṣeé yọ bá bo nọ́ńbà ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kò fa nǹkan kan, dandan ni kí a yọ ọ́. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin lásán. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn tí ó sì sá lọ, nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí lè kà. Bí bọ́ọ̀lù irin bá bo ẹyọ kan nínú nọ́ńbà náà, ẹjọ́ bàjẹ́ nìyẹn.

ÀWÁWÍ ÀTI ÌDÁHÙN

Ọlọ́kọ̀ á ní: "Bí mo bá yọ ọ́, wọn yóò jí i." Ta ni ó ní kí ó kó o sí ìta? Kí ó fi àkísà wé e, kí ó gbé e sínú bútù, kí ó sì dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà fò bí ọkọ̀ bá dúró lójijì. Àní, èyí tí ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ni olè ń rí.

Á tún ní: "Ó ti dípẹtà, kò yọ mọ́." Fífi tí a fi í sílẹ̀ nínú òjò àti eruku ni ó fà á. Kí ó da òróró sí i, kí ó jẹ́ kí ó mu ún dáadáa, kí mẹkáníìkì sì fi òòlù rọra lù ú. Lẹ́yìn náà, kí ó máa fi gíríìsì díẹ̀ pa á.

Èyí tí a bá fi bóòtù dè, mẹkáníìkì lè tú u. Kí ó tó tú u, kí a gé ẹnu bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì, kí a sì fi dé e lórí. Kì í ṣe oògùn ìjàǹbá, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ojú rí irin náà, kò sì ní jẹ́ kí ó họ ni lára.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù. Nígbà òjò, bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, ẹ má ṣe so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù ìkọ́ láti fi fà á. A ṣe bọ́ọ̀lù náà fún kẹ̀kẹ́ tí ó ń tẹ̀lé ọkọ̀ jẹ́jẹ́, a kò ṣe é fún ìfàjálójijì. Ó lè kán, kí ó sì fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Australia. Ojú ibi tí àwọn tí wọ́n ṣe ọkọ̀ dá fún fífà ni kí ẹ so okùn mọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, àgbẹ̀ tí ó ti oko dé kì í gbé àdá lé èjìká jókòó ti oúnjẹ. Ọdẹ tí ó wọ ilé a máa yọ ọta inú ìbọn rẹ̀. Kí ló dé tí ìkọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán yóò ṣe wà ní ìta láàárín ọmọ ènìyàn? Bí bàbá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí olùkọ́ yín bá ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún wọn. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ni àgbà ojú ọ̀nà. Kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yìn.

A kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o. Àṣẹ.