Ẹ Má So Okùn Mọ́ Ẹsẹ̀ Tí Ejò Bù Jẹ

Ìbéèrè kan tó wọlé sórí WhatsApp wa la fẹ́ fi ètò òní dáhùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́, òun ló máa ń fi àdá lànà níwájú, béèrè pé ṣé òótọ́ ni pé òkúta dúdú ń fa oró ejò jáde. Ọ̀gá rẹ̀ kì í wọgbó láìsí i lápò.

Ìdáhùn kúkúrú ni pé rárá. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní tẹ́ ọ̀gá yẹn lọ́rùn, torí ó ṣeé ṣe kó ti rí ẹni tí wọ́n lò ó fún tí kò kú. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbọ́ ná. Ọ̀pọ̀ ejò inú igbó wa kò ní oró tó lè pa èèyàn. Òjòlá ò ní, mọ́námọ́ná ò ní. Àwọn tó ní in pàápàá, bíi paramọ́lẹ̀, ọká àti ṣèbé, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bu èèyàn jẹ ni wọ́n ń tu oró sí i lára. Oúnjẹ ni ejò ń fi oró rẹ̀ wá, èèyàn kì í sì í ṣe oúnjẹ rẹ̀. Nígbà mìíràn, eyín lásán ló fi gún un. Nítorí náà, bí èèyàn mẹ́wàá bá gbé òkúta dúdú lé ojú ibẹ̀, àwọn kan á yè, ì báà jẹ́ òkúta ni wọ́n gbé lé e, ì báà jẹ́ bisikíìtì. Àwọn tó yè ló ń jẹ́rìí kiri. Àwọn tó kú ò lè kọ̀wé sí wa.

Òkúta ń fi àkókò ṣòfò, ṣùgbọ́n okùn burú jù ú lọ. Oró paramọ́lẹ̀ máa ń mú kí ẹsẹ̀ wú, ó sì ń ba ẹran ara jẹ́. Tí ẹ bá wá so okùn mọ́ ọn pinpin, ẹ ti há oró náà mọ́ ojú kan, ẹ sì ti dínà mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dé ẹsẹ̀ yẹn. Bí ẹlòmíràn ṣe ń pàdánù ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, torí oró àwọn ejò kan kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má sì fẹnu fà á. Mi ò sọ pé àwọn bàbá wa ò mọ ewé o. Wákàtí tí ẹ fi ń wá ewé ni mò ń sọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ kúrò lọ́dọ̀ ejò náà. Ẹ má lé e, kódà bí ẹ bá ti pa á, ẹ má fọwọ́ kan orí rẹ̀, torí orí ejò tó ti kú ṣì lè bu èèyàn jẹ. Tí ẹ bá lè yà á ní fọ́tò láti òkèèrè, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí fọ́tò sún mọ́ ọn. Ẹ wo aago, kí ẹ rántí àkókò tó ṣẹlẹ̀. Ẹ bọ́ òrùka, aago ọwọ́ àti bàtà kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ fi pákó tàbí igi gbọọrọ ti ẹsẹ̀ náà kó má baà mì, kí ẹ fi aṣọ dì í, àmọ́ kó má le. Ẹni náà ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ rìn bí ọ̀nà mìíràn bá wà, torí bí iṣan bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni oró ń tàn kálẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà nìkan ló wà, ẹ fi í sáàárín awakọ̀ àti ẹnì kan tó máa dì í mú.

Ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó gbéra. Ẹ béèrè pé: "Ṣé ẹ ní abẹ́rẹ́ apa-oró ejò?" Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in, abẹ́rẹ́ kan kì í sì í bá gbogbo ejò mu. EchiTAb-Plus-ICP, tí wọ́n ń ṣe ní Costa Rica, wà fún paramọ́lẹ̀, ṣèbé tó ń tutọ́ oró, àti carpet viper tó pọ̀ ní òkè Ọya. EchiTAbG wà fún carpet viper nìkan. Tí nọ́ọ̀sì bá gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré tó sì gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kò gbàgbé yín. Ó ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ náà máa dì ni.

Ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sára àwọn àìsàn ilẹ̀ olóoru tí ayé pa tì. Wọ́n fojú bù ú pé ó ń pa èèyàn 81,000 sí 138,000 lọ́dún. Àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ inú oko ló ń jìyà rẹ̀ jù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fíìmù nínú igbó náà, ẹ gbọ́. Paramọ́lẹ̀ kì í tètè sá. Ṣe ló máa dùbúlẹ̀ bí ewé gbígbẹ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ gbọn inú rẹ̀ wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ fi igi tú ìtí igi kí ẹ tó kì í lọ́wọ́ bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ tọ̀ lóru, kó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ̀.

Tí ṣèbé bá tutọ́ oró sí yín lójú, ẹ má fọwọ́ ra á. Ẹ ṣí ojú sílẹ̀, kí ẹ da omi tó mọ́ sí i lọ́pọ̀lọpọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.