Gáàsì Tó Ń Jò Lábẹ́ Òpópónà Boston

Mẹ́téènì, tí ó pọ̀ jù lọ nínú gáàsì àdáyébá tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń po èròjà olóòórùn burúkú mọ́ ọn kí ó tó wọ ilé oníbàárà, àṣà tí ó di òfin ní ìpínlẹ̀ Texas lẹ́yìn ìbúgbàù tó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ní New London lọ́dún 1937. Síbẹ̀, imú nìkan kò tó láti fi wá ibi tí páìpù ti ń jò, pàápàá ní ìlú àtijọ́ bíi Boston ní Amẹ́ríkà. Fọ́nrán irú èyí tí wọ́n fi ń hun àpò ìdọ̀họ ni àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà àtijọ́ fi dí oríkèé àwọn páìpù onírin ìlú náà. Gáàsì ara èédú tí wọ́n ń lò nígbà yẹn ní ọ̀rinrin tó ń mú kí fọ́nrán náà wú, ṣùgbọ́n nígbà tí gáàsì àdáyébá tó gbẹ rọ́pò rẹ̀, fọ́nrán súnkì, oríkèé sì ń jò.

Nathan Phillips ti Yunifásítì Boston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rọ aṣèwọ̀n sínú ọkọ̀, wọ́n sì wà á gba òpópónà ìlú náà já, 785 máìlì. Ẹ̀rọ náà ń fa afẹ́fẹ́ ojú títì wọlé, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ lésà sí i, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí mẹ́téènì bá sì gbé mì ni ó fi ń mọ bí ó ti pọ̀ tó, nígbà tí GPS ń kọ ibi tí ọkọ̀ wà sílẹ̀. Nítorí pé ààtàn àti kòtò ìdọ̀tí náà ń tú mẹ́téènì jáde, wọ́n yẹ irú kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ wò, èyí tó fi ti páìpù hàn yàtọ̀. Ojú ibi 3,356 ni wọ́n rí tó ń jò.

Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2016, tí ó wọn ojú ibi 100 ní Boston àti agbègbè rẹ̀, fi hàn pé 7 péré nínú wọn ló ń tú ìdajì gbogbo gáàsì náà. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ yíya máàpù ojú ibi tó ń jò ti ṣe pàtàkì, nítorí pé nígbà náà, ewu ìbúgbàù ni àwọn ilé-iṣẹ́ gáàsì fi ń pinnu èyí tí wọn yóò kọ́kọ́ tún ṣe, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó tóbi ṣùgbọ́n tó jìnnà sílé lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí yóò máa lé ọ́síjìn kúrò nínú ilẹ̀ títí gbòǹgbò igi ẹ̀bá títì yóò fi kú, tí yóò sì máa mú ayé gbóná ní ìlọ́po tó lé ní 80 ti kábọ́ọ̀nù dayọ́sáídì láàárín 20 ọdún. Àwọn ńláńlá wọ̀nyí ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dí, yálà wọ́n sún mọ́ ilé tàbí wọn kò sún mọ́ ọn.