Eré Ìdájí Lórí Òkè Dassa

Ìlú olókè ni Dassa-Zoumè, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ mọ̀ sí Igbó Ìdáàṣà. Ẹni tó bá gbéra ní Kútọ̀nù, tó gba títì Parakou, yóò rin bíi 200 kìlómítà kí àwọn àpáta ńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí lọ́tùn-ún àti lósì. Ìlú òkè 41 ni wọ́n ń pè é ní ilẹ̀ Benin. Nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó àwọn èèyàn lẹ́rú ní gbogbo agbègbè yẹn, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn Ìdáàṣà ń sá sí. Lóde òní, ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ọ̀pọ̀ èrò ìjọ Àgùdà ń rọ́ wá síbẹ̀ láti gbàdúrà ní ihò àpáta Màríà Mímọ́ ní Arígbó.

Ohun kan ṣì wà lára òkè wọ̀nyí tí a kì í sábà sọ. Pápá ìgbáradì ni wọ́n, fún ẹnikẹ́ni tó ní iṣẹ́ oòjọ́ lọ́wọ́ tó sì ń wù láti sá máratọ́ọ̀nù.

Kì í ṣe àwọn eléré tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Tíṣà ni, nọ́ọ̀sì, télọ̀, àgbẹ̀, ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan, ìyá tó ń ta gaàrí lọ́jà. Ẹni tí kì í fi eré sísá jẹun, àmọ́ tó fẹ́ mọ ibi tí ara òun lè gbé òun dé. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máratọ́ọ̀nù, ìwọ̀n tí wọ́n kọ́kọ́ sá ní Òlíńpíìkì London ní 1908. Àwọn kan tún ń lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ń ṣe triathlon: wọ́n á lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á sì sáré, lọ́jọ́ kan náà láìsinmi. Nínú irú rẹ̀ tó le jù tí gbogbo ayé mọ̀, tí wọ́n ń pè ní Ironman, ó tó 3.8 kìlómítà nínú omi, 180 lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n tó wá sá odindi máratọ́ọ̀nù lé e. Èèyàn 15 péré ló bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Hawaii ní 1978. Àwọn 12 ló parí rẹ̀.

Ẹni tó kọ́ aráyé bí òṣìṣẹ́ ṣe lè múra sílẹ̀ fún eré ọ̀nà jíjìn kì í ṣe dókítà, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ilé iṣẹ́ bàtà ni Arthur Lydiard ti ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Auckland, ní New Zealand. Ó tún máa ń pín mílíìkì láti ilé dé ilé. Ní ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jack Dolan ní kí ó bá òun sá eré kan tí kò tó kìlómítà mẹ́wàá, eré náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí lẹ́nu rẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ pé bí òun bá rí báyìí nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, báwo ni òun yóò ṣe rí tí òun bá dàgbà. Láti ìgbà náà ló ti fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò. Á sá kékeré lọ́sẹ̀ kan, á sá títí agara á fi dá a lọ́sẹ̀ mìíràn, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi wá ìwọ̀n tó yẹ. Ní 1953 àti 1955, òun ló gba ipò kìíní nínú máratọ́ọ̀nù orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Orí òkè ló ti rí ìdáhùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, òun àti àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ á gba ọ̀nà òkè Waitākere lọ, nǹkan bíi 35 kìlómítà, wọ́n á gòkè, wọ́n á sọ̀. Peter Snell náà ń gun òkè yẹn, bẹ́ẹ̀ eré 800 mítà ni tirẹ̀, tí kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1960, ní Òlíńpíìkì Rome, Snell gba wúrà. Láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, Murray Halberg, ọmọ ẹ̀kọ́ Lydiard kan náà, gba wúrà nínú 5,000 mítà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Barry Magee tó jẹ́ ara wọn gba ipò kẹta nínú máratọ́ọ̀nù. Eré yẹn gan-an ni Abebe Bikila, sójà ẹ̀ṣọ́ ọba Ethiopia, fi ẹsẹ̀ lásán gba ipò kìíní rẹ̀ ní wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15.

Ohun tí Lydiard ń sọ kò ṣòro. Sá jìnnà kí o tó sá kíkan. Bí o bá ń sáré tí o kò lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ sọ̀rọ̀, eré rẹ ti pọ̀ jù. Ó wá kó àwọn àgbà ọkùnrin jọ ní Auckland, tí àwọn kan nínú wọn ti ní àìsàn ọkàn rí, ó ní kí wọ́n máa rọra sáré pọ̀. Bill Bowerman, olùkọ́ni láti Oregon ní Amẹ́ríkà, bá wọn sáré nígbà tó ṣàbẹ̀wò ní 1962. Nígbà tó padà délé, ó kọ ìwé lórí ohun tó rí, eré pẹ̀lẹ́ òwúrọ̀ sì di àṣà ní Amẹ́ríkà.

Ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò ta ko òṣìṣẹ́ ilé bàtà yìí. Stephen Seiler, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Norway, ṣàyẹ̀wò bí àwọn ọ̀gá nínú eré ọ̀nà jíjìn ṣe ń múra, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìgbáradì wọn ni wọ́n ń fi pẹ̀lẹ́ ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára tí ara ń rí nínú iyán, ẹ̀kọ, gaàrí àti ìrẹsì, tó ń tọ́jú sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, kò pọ̀. Ẹni tó bá ń sá kíkan lè jó o tán ní nǹkan bíi kìlómítà 30. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń wúwo lójijì, tí ojú á máa ṣú. Eré pẹ̀lẹ́ tó gùn ló ń kọ́ ara láti máa lo ọ̀rá tó wà nípamọ́, kí agbára oúnjẹ má bàa tètè tán. Òkè ní tirẹ̀ ń fún itan àti ọkàn lágbára láìjẹ́ pé èèyàn sá eré àsápajúdé. Kí ẹni tó bá ń gun òkè Dassa ṣọ́ra nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀, nítorí sísọ̀kalẹ̀ ló ń dá egbò sí iṣan itan, tí ìrora rẹ̀ á wá jáde lọ́jọ́ kejì.

Wọ́n lè sọ pé ayé Lydiard ti lọ, pé àwọn tó ń fi eré jẹun ti gba gbogbo rẹ̀. Boston 2018 ni ìdáhùn. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, òtútù mú, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lu àwọn eléré lójú. Yuki Kawauchi ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ọkùnrin, ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni ọmọ Japan yìí nígbà náà, ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Saitama. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ilé iṣẹ́ ń sanwó fún a máa sáré lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni tirẹ̀, ní òwúrọ̀, kí ó tó lọ síbi iṣẹ́. Láàárín àwọn obìnrin, Sarah Sellers tó ṣe ipò kejì jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Arizona nígbà náà, ó ń bá wọn fún aláìsàn lóògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló san owó ìforúkọsílẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń sáré, tàbí lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sún mọ́ Dassa jù lọ ni Chrissie Wellington. Òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tó lọ sí Nepal ní 2004 láti ṣiṣẹ́ lórí omi àti ìmọ́tótó. Ibẹ̀ ló ti ń gun kẹ̀kẹ́ lórí àwọn òkè tó yí Kathmandu ká kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ fún ìgbádùn. Ní 2006, ó gba ipò kìíní àgbáyé ní Lausanne láàárín àwọn tí kì í fi triathlon jẹun. Ní oṣù kẹwàá 2007, ó gba Ironman Hawaii, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì gbà á lápapọ̀. Òkè àti òwúrọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, méjèèjì ò sì wọ́n ní Dassa.

Ohun tó wọ́n ni àkókò. Ọ̀pọ̀ ètò ìgbáradì fún máratọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ ń gba ọ̀sẹ̀ 16 sí 20, pẹ̀lú eré gígùn kan lọ́sẹ̀ tó ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó 30 kìlómítà. Ní Dassa, oòrùn ń yọ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀, ooru oṣù kejì sí oṣù kẹrin kì í sì í ṣe ti eré. Ìdájí nìkan ló kù, kí ọjà tó ná, kí ilé ìwé tó lu aago.

Nǹkan kan wà tí ìwé àwọn aláwọ̀ funfun lórí ọ̀rọ̀ yìí kì í sọ, nítorí pé àwọn tó ń jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àgbẹ̀ tó kọ ebè iṣu láti àárọ̀ ti ṣe ìgbáradì ọjọ́ náà. Obìnrin tó ru ìkòkò omi sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ òkè ti lo itan àti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí irú wọn bá tún fi eré kíkan lé e, àìsàn ni wọ́n ń wá. Kí wọ́n ka iṣẹ́ oko mọ́ eré, kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ tí oko bá le, kí wọ́n fi ọjọ́ tí ọwọ́ dilẹ̀ sá eré gígùn. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó fún olùbẹ̀rẹ̀.

Ibi tó yẹ ká dúró lé lórí jù ni ilé. Bí bàbá bá dìde ní aago márùn-ún tó jáde lọ sáré, ta ló ń pọn omi? Ta ló ń wẹ ọmọ, tó ń se ògì? Ní ọ̀pọ̀ ilé, ìyàwó ni. Ìgbáradì tí a gbé ka orí òógùn ẹlòmíràn kò tọ́, kò sì lè pẹ́. Tọkọtaya tó bá fẹ́ ṣe é dáadáa yóò pín òwúrọ̀: ọjọ́ tìrẹ, ọjọ́ tèmi. Ó sì yẹ kí ọjọ́ ìyàwó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, nítorí ayé ti fi eré yìí du obìnrin tó. Ní 1966, inú igbó ni Bobbi Gibb sá pamọ́ sí kó tó lè wọ inú eré Boston, nítorí wọn ò gba obìnrin láàyè. Ó di 1984, ní Los Angeles, kí Òlíńpíìkì tó ní máratọ́ọ̀nù obìnrin, tí Joan Benoit sì gbà á. Fún obìnrin tó ń jáde nínú òkùnkùn ìdájí, kó má dá lọ. Méjì mẹ́ta ni kí wọ́n kó ara wọn jọ.

Ọ̀rọ̀ omi náà kò ṣeé fojú fò. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé òùngbẹ léwu nínú ooru. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé omi àmujù náà léwu. Àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ eléré 488 wò nínú máratọ́ọ̀nù Boston 2002. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2005, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn tó sì wúwo sí i lójú eré, nítorí omi tí wọ́n ń mu, ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, mu omi. Bí kò bá gbẹ ọ́, fi í sílẹ̀. Nínú eré tó gùn, fi iyọ̀ díẹ̀ àti oúnjẹ díẹ̀ kún un.

Ti kẹ̀kẹ́ àti ìlúwẹ̀ẹ́ le ju ti ẹsẹ̀ lọ. Dassa ni títì Parakou ti pínyà pẹ̀lú èyí tó gba Savalou lọ sí Natitingou, àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó ń kẹ́rù lọ sí ìhà àríwá sì ń kọjá níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ọ̀nà ilẹ̀ tó wọ àwọn abúlé ló dára jù fún kẹ̀kẹ́. Ní ti omi, òkun jìnnà, odò inú igbó kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dá nìkan kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Èrò ẹni tó kọ èyí ni pé kí ará Dassa kọ́kọ́ mú eré ẹsẹ̀, kí triathlon dúró de ọjọ́ tí olùkọ́ àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́ bá wà nítòsí.

Ìlú olókè mìíràn ti fi òkè rẹ̀ ṣe eré: ní Okpekpe, ìlú kékeré kan ní Ìpínlẹ̀ Edo ní Nàìjíríà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré 10 kìlómítà ní 2013. Òkè tó wà lójú ọ̀nà náà kò dí wọn lọ́wọ́. Ó wà lára ohun tó mú kí orúkọ ìlú náà tàn, àwọn eléré láti Kenya àti Ethiopia sì ti wá sá a. Benin náà kò sì ṣàìní ẹni tó lè sáré: ní 2024, ní Glasgow, Noélie Yarigo gba ipò kẹta nínú 800 mítà ní ìdíje àgbáyé inú ilé, nígbà tó ti lé ní ẹni ọdún 35 dáadáa.

Ìlú tó ń gba èrò oṣù kẹjọ lọ́dọọdún ti mọ bí wọ́n ṣe ń bójú tó omi, ibùsùn àti ọkọ̀ fún àlejò. Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìlú Dassa, ẹ̀yin olórí ilé ẹ̀kọ́ àti ẹ̀yin ọmọ Ìdáàṣà tó wà ní Kútọ̀nù àti lẹ́yìn odi, ẹ dá eré 10 kìlómítà sílẹ̀ láàárín àwọn òkè yín, tọkùnrin tobìnrin, ní àsìkò tí ooru kò pọ̀. Ìwọ tó ń ka èyí, bí o bá ti lé ní ogójì ọdún tàbí tí o ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kọ́kọ́ lọ bá dókítà. Lẹ́yìn ìyẹn, ní ọ̀la, dìde ní aago márùn-ún ààbọ̀, rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, rọra sáré fún mẹ́wàá, kí o sì padà sílé kí àwọn ọmọ tó jí.