Gbèsè Àjẹsára: Ta Ló Jẹ Ẹ́?

Ẹni tó bá gbọ́ "òtútù àyà" àti "Ṣáínà" nínú ìròyìn kan náà, lẹ́yìn ohun tí kòrónà fojú wa rí, àyà rẹ̀ á já. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi ní lọ́jọ́ 22 oṣù kọkànlá 2023 kí Ṣáínà ṣàlàyé òtútù àyà tó ń mú àwọn ọmọdé níbẹ̀. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: kò sí kòkòrò tuntun. Kòkòrò bakitéríà Mycoplasma ló ti ń bá àwọn ọmọdé jà láti oṣù karùn-ún. Àwọn kòkòrò ọ̀nà èémí mìíràn, RSV, adenovirus àti fúlúù, wá kún un láti oṣù kẹwàá.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹnu aráyé nígbà náà láti fi ṣàlàyé irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ni "gbèsè àjẹsára". Àwọn dókítà ọmọdé nílẹ̀ Faransé ló gbé e jáde lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ ló sì ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ara ọmọ tó jókòó sílé, tó ń lo ìbòmú, dà bí àdá tí wọ́n fi há àjà: ó ti dípẹtà. Rárá o. Àwọn tí kòkòrò kò tíì rí mú ló pọ̀ jọ.

Ẹ wo RSV. Ọmọ tí kò ní tíì kó o kó tó pé ọdún méjì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù ọdún 2020, New Zealand fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i rárá. Lọ́dún 2021, lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ẹnubodè fún Ọsirélíà, ó ya bò wọ́n. Tọmọ ọdún yìí, tọmọ èṣí, gbogbo wọn bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù kò sì pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ ìyá ló wù mí jù níbẹ̀. Àwọn sọ́jà ara ìyá máa ń gba ibi-ọmọ kọjá sínú ẹ̀jẹ̀ oyún, ọmọ á sì máa jẹ ogún yẹn fún oṣù mélòó kan. Ìyá tí RSV kò kàn fún ọdún méjì, kí ló fẹ́ fún un? Ní Vancouver, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tó ṣì lè bímọ wò: tọdún 2021 rẹlẹ̀ sí tọdún 2020. Ọ̀nà èémí ìkókó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá wú tí fífẹ̀ rẹ̀ dín sí ìdajì, ìnira tí èémí máa rí kó tó kọjá lè di ìlọ́po 16. Ihò imú á máa fẹ̀, abẹ́ ìhà á máa jìn wọlé, ọmọ á tu ọmú sílẹ̀ torí kò lè mu kó tún mí.

Àwọn kan ní kòrónà fúnra rẹ̀ ló sọ ara àwọn ọmọ di ahẹrẹpẹ. Ẹ̀rí ìyẹn kò tíì tó lójú tèmi. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn "gbèsè" náà, torí ó ń di ẹ̀bi ru ìbòmú. Ọmọ tí RSV ì bá mú ní oṣù méjì, tó wá mú un lọ́dún kan ààbọ̀, ọ̀nà èémí rẹ̀ ti fẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn jọ èrè, bóyá mo ṣì í.

Lóṣù kẹjọ ọdún 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ RSV fún aláboyún, láti ọ̀sẹ̀ 32 sí 36. Ọ̀nà ibi-ọmọ yẹn náà ni ààbò rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú nǹkan bí 100,000 ọmọdé tí RSV ń pa lọ́dún, ó lé ní 95 nínú 100 tó jẹ́ ti àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí já jẹ.