Ṣé o mọ̀? Ohun tí àwọn ènìyàn gbìn nígbà tí owó wọ́n

Ṣé o mọ̀ pé igi bíi mílíọ̀nù 200 ló tún dàgbà lórí ilẹ̀ oko ní orílẹ̀-èdè Niger láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbìn wọ́n? Ní ọdún 1983, Tony Rinaudo, ọmọ Ọsirélíà tó ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní Maradi, sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà oníyanrìn kí ó lè dín afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ kù. Ó ti ń gbin igi bọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń kú. Ó wo ewéko kékeré kan tó wà nítòsí, ó rí ewé rẹ̀, ó sì dá a mọ̀: kùkùté igi tí wọ́n ti gé ló ń rúwé. Gbòǹgbò igi àtijọ́ ṣì wà láàyè lábẹ́ oko gbogbo. Ohun tó kù kò ju kí àgbẹ̀ yan ẹ̀ka díẹ̀ tó dára, kí ó gé ìyókù, kí ó sì lé ewúrẹ́ kúrò nídìí rẹ̀.

Ìyàn ńlá mú ní 1984. Rinaudo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn ará abúlé ní oúnjẹ, kí àwọn náà lè dá igi sí lóko wọn. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n yìí ti ń ti ẹnu dé ẹnu, títí ó fi kárí ilẹ̀ tó tó hẹ́kítà mílíọ̀nù 5. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó wù mí kí gbogbo aṣòfin mọ̀. Òfin tí wọ́n jogún lọ́wọ́ àwọn Faransé sọ pé ìjọba ló ni igi. Àgbẹ̀ tó bá gé e yóò san owó ìtanràn, èyí tó sì tọ́jú rẹ̀ kò ní rí nǹkan kan gbà. Ta ni yóò ṣọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀? Ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dẹ ọwọ́, tí àgbẹ̀ gbà pé òun ló ni igi oko òun, ni igi tó ráyè dàgbà.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ọ̀wọ́ngógó ti mú kí ọ̀pọ̀ wa gbà pé ó di ìgbà tí owó bá dé kí ìdàgbàsókè tó lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò dúró de owó.

Ẹ̀bùn Right Livelihood ti ọdún 2018 kan Rinaudo, ó sì kan àgbẹ̀ kan láti Gourga ní Burkina Faso, Yacouba Sawadogo. Ṣé o mọ̀ pé ikán ni olórí òṣìṣẹ́ rẹ̀? Nígbà tí ọ̀dá ń lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò lábúlé, ọjà tó ń tà ni òun fi sílẹ̀, ó padà sóko. Ó mú ọgbọ́n àwọn baba wọn, ìyẹn kòtò kéékèèké tí wọ́n ń gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó mú un fẹ̀ sí i, ó sì da ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà sí i. Ikán wá jẹun, wọ́n lu ilẹ̀ líle náà nínú, òjò sì rí ọ̀nà wọlé, igi hù níbẹ̀, ó di igbó. Àwọn aládùúgbò ní orí rẹ̀ ti dàrú, wọ́n tilẹ̀ dáná sun igbó rẹ̀. Ó tún un gbìn. Ó kú ní ọdún 2023, igbó náà wà níbẹ̀, irú igi inú rẹ̀ sì lé ní 60.

Ṣé o mọ̀ ohun tó gbé ọgbà ẹ̀fọ́ dé àárín ilé ní Havana? Soviet Union ló ń ra ṣúgà Kúbà, òun ló sì ń fún wọn ní epo, ajílẹ̀ àti ohun èlò katakata. Ó fọ́ ní 1991, gbogbo rẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Láàárín ọdún díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọrọ̀ ajé Kúbà ti lọ. Ìyà náà kì í ṣe kékeré, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ó dùn: àìrí oúnjẹ tó dára jẹ dá àìsàn ojú àti iṣan sí èèyàn tó lé ní 50,000 lára. Nígbà tí kò sí epo tí ọkọ̀ yóò fi kó oúnjẹ wọ̀lú, àwọn ará ìlú sọ ààtàn àti ilẹ̀ ṣíṣófo di oko. Ilẹ̀ náà kò dára, nítorí náà wọ́n mọ ògiri kúkúrú yí i ká, wọ́n kó ìlẹ̀dú kún inú rẹ̀, wọ́n ń sin ekòló tó ń ṣe ajílẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ń ta ẹ̀fọ́ lẹ́nu ọ̀nà oko. Màlúù padà sídìí ìtúlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù kan dé láti Ṣáínà. Nígbà tí oògùn òyìnbó wọ́n, ìjọba ní kí àwọn dókítà padà sí egbòogi. Àwọn ọmọ Lùkùmí, ìran Yorùbá ní Kúbà, tó ń bọ Ọ̀sányìn ní tiwọn kò fi ewé sílẹ̀ rí. Títí dòní, Kúbà ṣì ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ rẹ̀ láti òkèèrè. Ṣùgbọ́n oko Alamar, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 láàárín àwọn ilé alájà ní ìlà-oòrùn Havana, fi hàn pé ará ìlú lè bọ́ àdúgbò rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Amẹ́ríkà náà ti fi igi gbógun ti àìríṣẹ́ṣe? Ní 1933, nígbà tí òṣìṣẹ́ kan nínú mẹ́rin kò rí iṣẹ́ ṣe, Ààrẹ Roosevelt kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọgbó. Dọ́là 30 ni owó oṣù, 25 nínú rẹ̀ sì ń lọ sílé fún ẹbí wọn. Kí ètò náà tó parí ní 1942, wọ́n ti gbin igi tó lé ní bílíọ̀nù 3.

Ní Dẹ́nmáàkì, epo wọ́n ní 1973 débi pé ìjọba fòfin de ọkọ̀ wíwà lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Tvind pẹ̀lú àwọn tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ bá fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ẹ̀rọ ńlá tó ń fi afẹ́fẹ́ pèsè iná mànàmáná. Wọ́n parí rẹ̀ ní 1978.

Ṣé o mọ̀ pé ìdọ̀tí ń ra ọsàn ní Curitiba? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, owó Bràsíl ń di yẹpẹrẹ lójoojúmọ́, ọkọ̀ akólẹ̀ kò sì lè wọ àdúgbò àwọn tálákà nítorí pé ọ̀nà há. Ní 1991 ìjọba ìlú náà dá ètò kan sílẹ̀: ẹni tó bá gbé kílò 4 ìwé àlòkù, ike àti agolo wá, kílò kan èso àti ẹ̀fọ́ ni yóò gbé lọ sílé. Lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ àyíká tí irè oko wọn kò rí ọjà ni ìlú ti ń ra ẹ̀fọ́ náà. Àdúgbò mọ́, ọmọ jẹun, àgbẹ̀ rí owó. Nínú gbogbo ètò ìjọba tí mo mọ̀, èyí ni mo fẹ́ràn jù.

Èyí tó sún mọ́ wa jù wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin. Ṣé o mọ̀ pé eṣinṣin ń bọ́ ẹja níbẹ̀? Ní 1985, Godfrey Nzamujo, àlùfáà tí wọ́n bí ní Nàìjíríà, gba hẹ́kítà ilẹ̀ kan lọ́wọ́ ìjọba Benin, ó sì dá Songhai sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ díẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn báńkì orílẹ̀-èdè náà fi wó, tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò wọlé mọ́. Ní Songhai, ìfun àti ẹ̀jẹ̀ ẹran tí wọ́n pa ń kó eṣinṣin jọ, eṣinṣin yé, ìdin rẹ̀ di oúnjẹ ẹja. Omi adágún ẹja ń lọ sórí ẹ̀fọ́. Ìgbẹ́ ẹran di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, èyí tó ṣẹ́kù di ajílẹ̀. Ní 2008, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á sí ibi àwòkọ́ṣe fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀ka rẹ̀ ti wà ní Savalou àti Parakou, ó sì ti dé Amukpe ní Ìpínlẹ̀ Delta. Ọ̀dọ́ tó bá gba Ìdìròkò kọjá kò ní rìn jìnnà kí ó tó dé Àjàṣẹ́. Wọ́n ń gba àlejò, wọ́n sì ń gba akẹ́kọ̀ọ́.